Sàlẹ́ńsà Ọkọ̀: Ṣé Ariwo Ni Agbára?

Àwọn àgbà ní àgbá òfìfo ní í pariwo. Òwe yìí ni a fi ṣí ẹ̀kọ́ wa, nítorí ariwo kan ni ó bí i.

Ní ìsinmi oṣù Kejìlá kan tí kò tíì pẹ́, àwa mẹ́rìndínlógún nínú ẹgbẹ́ yìí dá owó jọ, a háyà bọ́ọ̀sì kan láti gbé wa délé. Kí a tó gbéra ni dírẹ́bà ti ń yangàn. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí wọ́n gé sàlẹ́ńsà àtijọ́ dànù ni, wẹ́dà sì ti bá òun jó páìpù gbàǹgbà kan mọ́ ìdí ẹ́ńjìnnì. Ó tẹ ọkọ̀ náà, ó bú ramúramù, ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀! Ó ti ń mí dáadáa báyìí."

Nígbà tí a dé àwọn òkè tí ó wà láàárín Lọ́kọ́jà àti Òkènè, ohùn kù, agbára ò sí. Jíà kejì ni bọ́ọ̀sì wa fi ń wọ́ gun òkè, tí tírélà tí ó di ẹrù sì ń yà wá sílẹ̀. Nítorí ọyẹ́, a ti ti gbogbo fèrèsé pa. Kò pẹ́ tí arábìnrin wa kan tí ó jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá fi ní orí ń fọ́ òun. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ẹni tí ó jókòó tì í ní ojú ń kọ́ òun. A rò pé oúnjẹ tí wọ́n jẹ ní Lọ́kọ́jà ni. Ìgbà tí a dúró, tí a gbé wọn sí afẹ́fẹ́, tí ara wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀, ni a tó fura sí ọkọ̀.

Bí a ti ń dúró de mẹkáníìkì, iyàn bẹ̀rẹ̀. Apá kan ní dírẹ́bà jàre: bí ọ̀nà tí èéfín ń gbà jáde bá ṣe fẹ̀ tó ni agbára ẹ́ńjìnnì ṣe ń pọ̀ tó, ohun mìíràn ló ń ṣe ọkọ̀ náà. Apá kejì ní rárá: ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ní ohun tí ó ń dí i lọ́nà díẹ̀ kí ó tó lè lágbára, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣe sàlẹ́ńsà. A kò parí iyàn náà lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a padà sí ilé ìwé ni àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti físíìsì láàárín wa jókòó tì í. Ohun tí a rí ni pé apá méjèèjì ló ṣìnà. Ẹ jẹ́ kí a tò ó lẹ́sẹẹsẹ.

1. Kí ni ipá ìyí?

Nígbà tí nọ́ọ̀tì táyà bá le, àwọn fọkanáísà máa ń ki páìpù bọ ìdí sípánà kí ó lè gùn sí i. Apá kan náà ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì tí kò mì tẹ́lẹ̀ á yí. Bí a bá sọ agbára tí a fi tẹ sípánà di ìlọ́po pẹ̀lú gígùn sípánà náà, ohun tí a rí ni ipá ìyí, èyí tí àwọn ẹlẹ́rọ ń pè ní tọ́ọ̀kì. Bí ẹ bá na ọ̀pá irin mítà 1 gbalaja, tí ẹ so àpò ìrẹsì kílò 10 kọ́ orí rẹ̀, ipá ìyí tí ó wà ní ìdí ọ̀pá náà á tó nǹkan bí Newton-mítà 98.

Ipá ìyí ni ó ń gbé ọkọ̀ gun òkè. Agbára tí a ń fi kílówáàtì wọ̀n yàtọ̀ díẹ̀ sí i: ó jẹ́ ipá ìyí, ní ìlọ́po iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, kí a wá fi 9,549 pín in. Ẹ́ńjìnnì tí ó ní ipá ìyí Newton-mítà 150 nígbà tí ó ń yí ní ìgbà 2,500 ní ìṣẹ́jú kan ń ṣe nǹkan bí kílówáàtì 39. Bí ó bá ṣì ní 150 nígbà tí ó ń yí ní ìgbà 5,000, ó ti di nǹkan bí 78. Nítorí náà, ènìyàn lè tún ọkọ̀ ṣe kí agbára rẹ̀ pọ̀ sí i ní orí eré àsápajúdé, kí ó sì pàdánù ipá ìyí ní ìsàlẹ̀, níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń gbé ènìyàn gun òkè lójoojúmọ́.

2. Báwo ni èéfín ṣe ń jáde?

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ elépo ń ṣiṣẹ́ ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin: ó fà, ó fún, ó bú, ó tú. Písítìnì sọ̀ kalẹ̀, ó fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé. Ó gòkè, ó fún wọn pọ̀. Púlọ́ọ̀gì ta iná, wọ́n bú, wọ́n ti písítìnì sọ̀ kalẹ̀. Písítìnì tún gòkè, ó tú èéfín jáde. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin yìí gba ìyípo méjì.

Ipá ìyí wá láti inú bíbú nìkan, bí bíbú yóò sì ti lágbára tó dúró lórí bí afẹ́fẹ́ tuntun tí ó wọlé ti pọ̀ tó. Bí èéfín àtijọ́ bá ṣẹ́ kù sínú sílíńdà, ó ti gba ààyè lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ tuntun, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn kò da omi àná nù kúrò nínú kete kí ó tó pọn tuntun.

Kò sí bí písítìnì ṣe lè ti gbogbo èéfín jáde tán, nítorí ààyè díẹ̀ máa ń kù lókè orí rẹ̀. Ta ni yóò wá kó ìyókù jáde? Èéfín tí ó ti ń sáré lọ nínú páìpù ni. Ohun tí ó bá ń sáré kì í fẹ́ dúró lójijì. Bí ó ti ń lọ, ó ń fa ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ra. Àwọn tí wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì mọ èyí. Wọ́n fi fáàfù àtijáde sílẹ̀ ní ṣíṣí díẹ̀ lẹ́yìn tí fáàfù àtiwọlé ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ní ìwọ̀nba àkókò tí méjèèjì fi wà ní ṣíṣí yìí, èéfín tí ń sáré jáde máa ń fa afẹ́fẹ́ tuntun wọlé. Ìyára èéfín, nígbà náà, jẹ́ òṣìṣẹ́ tí a kò sanwó fún.

3. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò

Ẹ mú ẹ́ńjìnnì lítà 2, tí ó ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, tí dírẹ́bà sì tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀. Ní ìyípo méjì méjì, bí sílíńdà bá kún dáadáa, yóò fa lítà 2. Èyí jẹ́ lítà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, tàbí lítà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ṣùgbọ́n èéfín gbóná. Bí ó bá gbóná tó 600 ní ìwọ̀n Celsius, yóò wú tó ìlọ́po mẹ́ta. Nítorí náà, nǹkan bí lítà 150 ni ó ní láti gba inú páìpù kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan.

Bí inú páìpù bá fẹ̀ tó mìlímítà 50, ojú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 19.6 níbùú-lóòró. Èéfín yóò sáré ní nǹkan bí mítà 76 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí a bá sọ ọ́ di mìlímítà 75, ojú rẹ̀ di 44.2. Èéfín kan náà yóò máa rìn ní mítà 34 péré. Ẹ kíyè sí i: ìdajì ni a fi kún fífẹ̀ páìpù, ṣùgbọ́n ìyára èéfín ti já sí ìsàlẹ̀ ìdajì.

Ẹni tí ó bá ti dé ilé alágbẹ̀dẹ rí yóò mọ ohun tí a ń sọ. Ẹwìrì ní ikùn ńlá, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín, kí afẹ́fẹ́ lè fi agbára jáde sí ẹ̀yìn iná. Bí ọmọ iṣẹ́ bá gbẹ́ ẹnu ẹwìrì di gbàǹgbà, afẹ́fẹ́ yóò jáde lóòótọ́, kò kàn ní lè mú irin pọ́n ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi amọ̀ dí i kù bí ojú abẹ́rẹ́, apá rẹ̀ yóò ro ó lásán. Ìwọ̀n ni ohun gbogbo.

Ibi tí ìyára yìí ti ṣe pàtàkì jù ni àwọn páìpù tí ó sún mọ́ ẹ́ńjìnnì, níbi tí èéfín sílíńdà kọ̀ọ̀kan ti ń dá rìn kí wọ́n tó pàdé. Bí páìpù bá ti jìnnà dé ìdí ọkọ̀, fífẹ̀ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ nípa lórí ipá ìyí mọ́, àfi bí ó bá há jù. Ìdí nìyí tí àwọn tí wọ́n ń jó ẹnu páìpù ńlá mọ́ ìdí ọkọ̀ nìkan fi ń ra ariwo, wọn kò ra agbára.

4. Ìgbì inú páìpù

Èéfín kì í ṣàn bí omi ẹ̀rọ tí a ṣí sílẹ̀. Ó ń jáde ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí a ń lu ìlù. Nígbàkúùgbà tí fáàfù àtijáde bá ṣí, ìgbì kan á bẹ́ sínú páìpù, á sì sáré lọ pẹ̀lú ìyára tí ìró fi ń rìn. Nínú afẹ́fẹ́ yàrá wa, ìró ń rìn ní nǹkan bí mítà 343 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú èéfín gbígbóná tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ó lè tó 580. Nígbà tí ìgbì náà bá dé ibi tí páìpù ti fẹ̀ lójijì, ìgbì mìíràn á padà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ti ìpadàbọ̀ yìí ń fà ni, kì í tì. Bí ó bá padà dé ẹnu fáàfù nígbà tí fáàfù méjèèjì wà ní ṣíṣí, á fa èéfín ìyókù jáde fínnífínní. Bí kò bá bọ́ sí àkókò, kò ní wúlò, ó tilẹ̀ lè dí ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́.

Ẹ wo páìpù tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 80. Àlọ àti àbọ̀ ìgbì náà jẹ́ mítà 1.6, yóò sì gbà á ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní ìyípo 3,000, kiráńkì yóò ti yí tó dígírì 50 kí ìgbì náà tó dé. Ní ìyípo 6,000, yóò ti yí tó 100. Páìpù kan náà ni o, ṣùgbọ́n àsìkò ìpadàbọ̀ ti yàtọ̀. Bí gígùn fèrè ti ń yan ohùn tí fèrè yóò fọ̀, bẹ́ẹ̀ ni gígùn páìpù ṣe ń yan eré tí ẹ́ńjìnnì yóò ti lágbára jù. Ẹni tí ó bá gé páìpù láìṣírò ti gé fèrè onífèrè.

Ẹni tí ó fi èyí han gbogbo ayé kedere ni Walter Kaaden, ẹlẹ́rọ iléeṣẹ́ alùpùpù MZ ní ìlú Zschopau, ní Ìlà-Oòrùn Jámánì nígbà náà. Ẹ́ńjìnnì onígbèésẹ̀ méjì ni ó ń ṣe, irú èyí tí a ń da ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo rẹ̀. Kaaden lo páìpù tí ó fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ó sì tún ń tín-ín-rín padà. Ibi tí ó fẹ̀ ń dá ìgbì tí ń fà padà, ibi tí ó tín-ín-rín sì ń dá ìgbì tí ń tì padà, kí epo tuntun tí ó fẹ́ bá èéfín sá lọ lè padà sínú sílíńdà. Ní ọdún 1961, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tí kò ju cc 125 lọ ti ń ṣe agbára ẹṣin 25, èyí tí í ṣe 200 fún lítà kan. Ní ọdún yẹn kan náà ni Ernst Degner tí ń gun alùpùpù fún MZ sá kúrò lọ́dọ̀ wọn nígbà ìdíje kan ní Sweden, tí ó sì gbé ìmọ̀ náà lọ bá Suzuki. Ní ọdún 1962, òun àti Suzuki gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé cc 50.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ohun tí wọ́n fi san án. Agbára ńlá yẹn wà ní ààlà eré kékeré kan ṣoṣo. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti sọ̀ kalẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó di ọ̀lẹ. Nítorí èyí ni alùpùpù ìdíje Suzuki cc 50 ti ọdún 1967 fi ní jíà 14. Àwọn olùdíje lè fara da èyí. Ta ni yóò fi jíà 14 wa bọ́ọ̀sì èrò?

5. Ta ló jàre?

Apá kìíní nínú wa ní kí ọ̀nà sáà ti fẹ̀. Wọ́n gbàgbé ìyára àti àkókò. Apá kejì ní ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ ìdíwọ́. Ohun tí wọ́n rí jẹ́ òtítọ́, pé páìpù tí ó fẹ̀ jù ń dín ipá ìyí kù ní ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n fún un kò tọ̀nà. Kò sí ẹ́ńjìnnì onígbèésẹ̀ mẹ́rin tí ìdíwọ́ ń ràn lọ́wọ́ láti lágbára. Ìdíwọ́ ń mú kí písítìnì fi agbára rẹ̀ ti èéfín ni, ó sì ń dá èéfín padà sí sílíńdà. Páìpù tí ó mọ níwọ̀n ń ṣe rere nítorí ìyára tí ó fún èéfín, kì í ṣe nítorí pé ó dí i lọ́nà. Ohun tí ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ ni kí èéfín jáde pẹ̀lú ìyára tí ó yẹ, ní àkókò tí ó yẹ.

6. Ohun tí mẹkáníìkì rí lábẹ́ bọ́ọ̀sì wa

Mẹkáníìkì tí ó wọ abẹ́ bọ́ọ̀sì náà rí nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́, páìpù gbàǹgbà náà kò bá ẹnu ibi tí wọ́n jó o mọ́ mu, ojú jíjó rẹ̀ sì ti là. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn gan-an ni páìpù náà sì parí sí, kò yọ sí ìta. Èkejì, wọ́n ti gé wáyà sẹ́ńsọ̀ tí ń sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bí ọ́síjìn ti kù tó nínú èéfín. Nígbà tí kọ̀ǹpútà kò rí ìròyìn gbọ́ mọ́, ó ń méfò, epo tí ó ń fún ẹ́ńjìnnì sì pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ̀kẹta, kátálíìsì ti pòórá.

Ẹ so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Epo tí kò rí afẹ́fẹ́ tó láti jó tán ń di kábọ́ọ̀nù mònókísáìdì. Kátálíìsì, tí a fi platinum, palladium àti rhodium ṣe inú rẹ̀, ni ìbá sọ ọ́ di kábọ́ọ̀nù dáyókísáìdì kí ó tó jáde, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ ọ́. Páìpù tí ó là wá tú u sábẹ́ ìjókòó, fèrèsé sì wà ní títì. Gáàsì yìí kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ wa ní ohun tí ó lé ní ìlọ́po 200 ju bí ọ́síjìn ti ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ. Òun ni ó ń pa ìdílé tí ó tan jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí wọ́n sì sùn. Orí fífọ́, èébì, òòyì ojú, oorun àìròtẹ́lẹ̀: àmì rẹ̀ nìyẹn. Bí a bá ti fi arábìnrin wa sílẹ̀ pé kí ó sùn, kí oúnjẹ náà dà, a kò mọ ohun tí à bá bá ní Òkènè.

Àwọn kan ń sọ pé kátálíìsì kò bá epo ilẹ̀ wa mu. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìdí tẹ́lẹ̀ rí. Òjé tí wọ́n ń dà sínú epo láyé àtijọ́ máa ń ba kátálíìsì jẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn orílẹ̀-èdè ìsàlẹ̀ Sàhárà ti fi epo olójé sílẹ̀ nígbà tí ọdún 2006 fi bẹ̀rẹ̀, Àlgéríà tí ó kẹ́yìn lágbàáyé sì fi í sílẹ̀ ní ọdún 2021. Ẹni tí ó bá ń yọ kátálíìsì lónìí, owó irin inú rẹ̀ ni ó ń wá.

7. Ìmọ̀ràn wa

(a) Bí sàlẹ́ńsà bá jò, ẹ tún un ṣe kíá. Ẹ má sọ pé ariwo lásán ni.
(b) Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ wọn inú páìpù tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí tuntun bá a mu.
(d) Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé wáyà sẹ́ńsọ̀, ẹ má sì ta kátálíìsì.
(e) Ẹnu páìpù gbọ́dọ̀ yọ sí ìta ara ọkọ̀.
(ẹ) Bí orí bá ń fọ́ ju ẹnì kan lọ nínú ọkọ̀, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ dúró, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ sì gbé ẹni tí ó bá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìdánrawò: Bí inú páìpù ẹ́ńjìnnì tí a ṣírò lókè bá jẹ́ mìlímítà 60, báwo ni èéfín yóò ti sáré tó? (Ìdáhùn: nǹkan bí mítà 53 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.)

Arábìnrin wa ti padà sí kíláàsì, òun gan-an ni ó bá wa yẹ ìṣirò yìí wò. Láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ wa kì í san owó ọkọ̀ kankan tán kí ẹni méjì nínú wa tó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin náà, kí ẹ tó lọ sílé ní ìsinmi tí ń bọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Bí dírẹ́bà bá ní kí ẹ gbọ́ ohùn ọkọ̀ òun, ẹ ní kí ó jẹ́ kí ẹ rí páìpù rẹ̀. Ọ̀nà á dára o.